Ẹ máa wo ìdí rọ́bà kẹ́ẹ tó da kọ́sítíìkì sí i

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wà lọ́dọ̀ àǹtí mi tó ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ po kọ́sítíìkì, ìyẹn sódà líle tí wọ́n ń pò mọ́ aró, mọ́ omi tán ni, ló bá gbé ìgò omi kan tó ti ṣófo ó dà á sínú ẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, ìdí ẹ̀ rọ̀, ó yẹ̀gẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó dà sí i lẹ́sẹ̀. Àyà mi já gan-an.

Kọ́sítíìkì téèyàn bá ti pò mọ́ omi, fúnra ẹ̀ ló máa gbóná, kò dúró de iná. Ìgò omi yẹn, irú rọ́bà tí wọ́n ń pè ní PET ni, ooru tó bá ti tó nǹkan bí 80°C ó ti rọ̀ nìyẹn, kọ́sítíìkì náà tún máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ká má tiẹ̀ tíì sọ ti ọmọdé tó máa rí i táá rò pé omi ni!

Kẹ́ẹ̀gì òróró tó ní yẹ́lò yẹn ńkọ́? Irú rọ́bà míì tó ń jẹ́ HDPE nìyẹn, kọ́sítíìkì ò rí i gbé ṣe. Ẹ yí i dojú dé, ẹ máa rí ọfà mẹ́ta tó ń lé ara wọn, 2 wà láàárín, nọ́ńbà yẹn ló ń sọ irú rọ́bà tó jẹ́, ti ìgò omi 1 ni. Tẹ́ẹ bá rí 5, PP nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì, omi híhó ò sì dà á láàmú torí ó máa tó nǹkan bí 160°C kó tó yọ́. 3 ni PVC, páìpù omi.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé náílọ̀n tá a fi ń di piọ wọ́tà kì í ṣe náílọ̀n o, LDPE ni, 4 ni tiẹ̀. Náílọ̀n gidi ni èyí tí onímọ̀ kẹ́míkà kan, Wallace Carothers, ṣe ní iléeṣẹ́ DuPont l'Amẹ́ríkà ní 1935, irun búrọ́ọ̀ṣì tá a fi ń fọ eyín àti àwọ̀n ẹja lẹ ti máa rí i.

Fóòmù tí àǹtí mi ń gé, tí wọ́n ń tẹ̀ bọ àbẹ́là gbígbóná kí wọ́n tó fi lu aṣọ, ìran rọ́bà lòun náà, polyurethane, àmọ́ kì í yọ́ padà tó bá ti dì, ìyẹn ló ṣe ń gba ooru àbẹ́là.

Wọ́n ti ra kẹ́ẹ̀gì méjì báyìí, wọ́n fi máká kọ KỌ́SÍTÍÌKÌ gàdàgbà sára ẹ̀, mo sì ti bẹ̀ wọ́n pé kẹ́nikẹ́ni má fi ra epo mọ́ láéláé.