Ọ̀yàyà ló gbé mi dépò, òun náà ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́

Ẹni tó bá mọ̀ mí l'Ógbòmọ̀ṣọ́ mọ̀ pé mi ò lè rìn láti Sábó dé Takie kí n má dúró nígbà mẹ́wàá, màá kí ẹlẹ́kọ, màá bi ọlọ́kadà pé ṣé ara ọmọ ẹ̀ ti yá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó rán mi níṣẹ́ á ti gbàgbé. Torí ẹ̀, nígbà tí wọ́n fi mí ṣe alága ẹgbẹ́ télọ̀ àdúgbò wa, kò ya ẹnì kankan lẹ́nu.

Ẹnu yìí náà ló sì ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́. Onílé tó ni ibi tá a ti ń ṣe mítìn fẹ́ fowó kún rẹ́ǹtì, mo lọ jókòó tì í, mo jẹ àmàlà ẹ̀, kí n tó dìde ó ti ní ká ṣì máa san iye tá à ń san tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ti bínú kúrò lẹ́gbẹ́, mo bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù wọn, mo ń bá wọn tú aṣọ, mo ń bá wọn ṣàwàdà, wọ́n sì padà wá.

Àṣé ibi tí wọn ò ti lè sọ̀rọ̀ ni mò ń kó wọn jọ sí.

Akọ̀wé wa, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, ló wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan tí wọ́n múná lọ. Ó ní, "Ìyá Alága, ẹ má bínú o mà, ẹ kìí jẹ́ ká sọ̀rọ̀." Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní ṣé kí n máa fi ẹnu mi sílé kí n tó wá sí mítìn ni? Òun náà rẹ́rìn-ín. Ló bá dákẹ́, ó ní, "Ẹ rí i, ohun tí mò ń wí nìyẹn. Ẹ ti sọ ọ́ dẹ̀fẹ̀, ó ti tán nìyẹn."

Háà. Mi ò bínú lójú ẹ̀ o, àmọ́ mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Mo rántí ìgbà tá a fẹ́ fowó kún owó ìránṣọ torí fúẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, mo ní "kí lẹ rí sí i?", kẹ́nì kan tó ha ọ̀fun mo ti dá ara mi lóhùn, mo pe iye kan, wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀sẹ̀ kejì ìdajì wọn ṣì ń gba iye àtijọ́. Èmi wá ń pè wọ́n lọ́dàlẹ̀ kiri!

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní LAUTECH ló fi ìwádìí kan hàn mí, èyí tí Adam Grant, onímọ̀ nípa ìhùwàsí èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde l'Amẹ́ríkà ní 2011, lórí àwọn ṣọ́ọ̀bù pízà. Níbi táwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń retí kí ọ̀gá sọ ohun tí wọ́n máa ṣe, ọ̀gá ọlọ́yàyà ló ń mú èrè wá jù. Àmọ́ níbi táwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń mú àbá tiwọn wá, ọ̀gá tí kìí fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ń ṣe dáadáa jù. Pízà o, kìí ṣe ìró àti bùbá, ṣùgbọ́n ó bá mi wí.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí á pa yín lẹ́rìn-ín. Tẹ́nì kan bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi pé òun lọ́rọ̀ í bá mi sọ, mo máa ń ti píìnì méjì bọ ẹnu bíi pé mo fẹ́ dí aṣọ mú, kò sí bí mo ṣe fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu nìyẹn. Tó bá sọ tán, màá yọ ọ́, màá ní ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ n rò ó wò, màá dá yín lóhùn lọ́jọ́ mítìn. Mi ò sì jáwọ́ nínú ìkíni mi o, ṣọ́ọ̀bù sí ṣọ́ọ̀bù ni mo ń lọ kí mítìn tó dé, torí ẹni tí ò lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò, á sọ ọ́ níbi tó bá ti ń lọ aṣọ.

Kìí ṣe gbogbo ẹ̀ náà ni mò ń gbà ṣá. Ẹnì kan ní ẹ̀rín mi ti pariwo jù, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe wà kí n tó di alága jàre. Àmọ́ táwọn méjì tí ò bára wọn sọ̀rọ̀ bá lọ sọ nǹkan kan náà fún mi, a jẹ́ pé èmi ni.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ owó ìránṣọ tún délẹ̀. Bàbá kan tó ń rán agbádá, tí mi ò gbóhùn ẹ̀ rí ní mítìn, yọ ìwé kékeré kan lápò, ó ti kọ iye fúẹ́ẹ̀lì tí agbádá kan ń jẹ sílẹ̀, àti ti òwú, àti ti ọmọṣẹ́. Ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó ń wá ojú ìwé, ẹnu ń yún mi bíi kí n bá a kà á. Mo wo ọ̀ọ́kán, Akọ̀wé ti ń wò mí, ó fọwọ́ kan ètè ẹ̀ bí ẹni pé píìnì wà níbẹ̀.