Èmi, kẹ̀kẹ́ àti ọmọ-orógùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ìyàwó mi kó má fi èyí hàn án. Kò tíì mọ ibi tí ọmọ-orógùn rẹ̀ gbà lọ ní Sátidé.

Ẹ sáà rántí bí mo ṣe fi ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere yìí da yín láàmú kí n tó rà á. Oṣù mẹ́rin gbáko! Ṣé kí n mú onígíà méjì níwájú ni àbí ẹlẹ́yọ kan? Mo ní ẹlẹ́yọ kan. Mo ní yangí àti eruku ni ọ̀nà oko Ogbómọ̀ṣọ́, ohun tó ń ti ṣéènì láti orí gíà kan sí èkejì níwájú, ìdọ̀tí ni yóò dí i pa. Gíà iwájú ní eyín 40, tẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ láti eléyín 11 dé eléyín 42. Bí òkè bá le, ẹ ó yí ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, táyà ò tiẹ̀ ní yí lẹ́ẹ̀kan pé. Àgbẹ̀ tó ru iṣu á kọjá lára yín, á ní "ẹ kú iṣẹ́ o," ṣùgbọ́n ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀. Bíréèkì ńkọ́? Mo ní ọlọ́ìlì ni, kò sí wáyà nínú rọ́bà rẹ̀. Ìka kan péré! Ẹni tí kò bi mí pàápàá, mo ṣàlàyé fún un.

Ní Sátidé, mo fẹ́ fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Mo dojú rẹ̀ dé, mo yọ táyà méjèèjì. Àwọn ọmọ àdúgbò pé lé mi lórí. Tíṣà wo ló rí ọmọ mẹ́fà tí kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? "Ẹ wò ó, ìka kan!" Mo tẹ tiwájú, mo tẹ tẹ̀yìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo tún un tẹ̀.

Àwo irin ara táyà ló yẹ kó wà láàárín páàdì méjèèjì tí bíréèkì fi ń fún un mú. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ́ìlì á kàn máa tì wọ́n síra ni, kò sì ní dá wọn padà. Tèmi pa dé bí ẹnu ajigbèsè tí wọ́n ń bi léèrè owó. Ike kékeré kan bá kẹ̀kẹ́ náà wá tó yẹ kí n fi há àárín wọn. Ike yẹn ni Tòní ọmọ mi fi ń bu yẹ̀ẹ̀pẹ̀ fún bèbí rẹ̀ jẹ. Èmi ni mo fún un. Mo tún ní, "Gbà, ṣíbí bèbí rẹ rèé."

Ọ̀bẹ ò wọ̀ ọ́. Ni ojú mi bá bọ́ sórí ọmọ-orógùn tí wọ́n sá sóòrùn. Ẹ̀yin ará, ẹ wo ọmọ-orógùn dáadáa lọ́jọ́ kan. Ẹ wo bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ́lẹ́. Igi ni, kò lè ha nǹkan kan. Àwọn òyìnbó tó ṣe kẹ̀kẹ́ ò ronú débẹ̀! Mo fi òróró pa á lẹ́nu kó lè yọ̀ wọlé. Páàdì là. Mo jó.

Òróró. Lára páàdì. Èmi tí mo fi oṣù mẹ́rin kàwé.

Mo dé gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́, mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ó ké bí ewúrẹ́ ìkómọ, kò dúró. Mo fi ìka méjì. Mo fi gbogbo ọwọ́, mo fi orúkọ Jésù kún un. Sílípáàsì ẹsẹ̀ mi ló pàpà dá wa dúró, lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ní Takie.

Bàbá yẹn gan-an ni mi ò lè dárí jì. Bíréèkì ọ̀pá irin ló wà lára Raleigh tirẹ̀, ó sì ń dúró. Kò bèèrè ẹsẹ̀ mi. Ó lóṣòó ti kẹ̀kẹ́, ó wo gíà iwájú títí, àánú mi ṣe é. "Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ó ku gíà kan níbí." Mo ṣàlàyé, mo làágùn. Ó ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìràn-án-rán aláìsàn ibà. Lánàá, ọmọ kan kan ilẹ̀kùn wa, ó gbé gíà dídípẹtà kan nínú ọ̀rá: "Bàbá ní kí n fún yín, ẹ ò ní sanwó."

Ọmọ-orógùn ńkọ́? Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Dúdú páàdì ò kúrò, ọpẹ́lọpẹ́ pé àmàlà la jẹ, kì í ṣe sẹ̀mó. Ìyàwó mi bu òkèlè, ó gbé e símú.

"Bàbá Tòní, ṣé èlùbọ́ yìí ò rùn bíi mọ́tò?"

Mo ní kó má rà lọ́wọ́ ìyá yẹn mọ́.