xˣ àti ìdáhùn méjì tí wọ́n ní kò tọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ àbúrò ìyá mi, tó wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì, gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi nílé, níbi tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà méjì ni mo gbà dáhùn èyí, olùkọ́ sì fàlà sí méjèèjì." Ìbéèrè náà kò ju pé kí ó wá derivative y = xˣ (x lórí pọ́wà x), ìyẹn bí y ṣe ń yára yí padà tó bí x ti ń yí padà.

Lọ́nà àkọ́kọ́, ó ka pọ́wà sí nọ́ńbà tí kì í yí padà, ó gbé e wá síwájú, ó yọ 1 kúrò lókè, ó sì rí x·xˣ⁻¹, èyí tó tún já sí xˣ. Lọ́nà kejì, ó ka x ìsàlẹ̀ sí èyí tó dúró sójú kan, ó sì rí xˣ ln x (ln ni natural logarithm, èyí tó máa ń sọ pọ́wà di ìsọdipúpọ̀). Òfin kọ̀ọ̀kan tó lò gbà pé ọ̀kan nínú àwọn x méjèèjì jókòó jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń rìn.

Mo ní kí ó kọ́kọ́ mú ln ìhà méjèèjì: ln y = x ln x, níwọ̀n ìgbà tí x bá ti ju 0 lọ. Pọ́wà ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti di ìsọdipúpọ̀ lásán. Tí a bá wá derivative báyìí, apá òsì yóò di y′/y (y′ ni derivative y; y abẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé), apá ọ̀tún yóò sì di ln x + 1. Nítorí náà, y′ = xˣ(1 + ln x).

Ó tẹjú mọ́ ọn títí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ìdáhùn mi méjèèjì la rò pọ̀ yìí?"

Òótọ́ ni, òun ló sì kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe èmi. Nígbà tí x bá jẹ́ 2, ti àkọ́kọ́ fún un ní 4, ti kejì fún un ní nǹkan bíi 2.77, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 6.77. A fi fóònù rẹ̀ wá 2.001 lórí pọ́wà 2.001, a yọ 4 kúrò, a fi 0.001 pín in, a sì rí nǹkan bíi 6.78. Ó dùn mí pé wọn kì í sábà fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ln tí wọ́n ń kọ́ wọn bí ẹni ń pidán kò ṣe ju pé ó ka ìrìn x kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tó sì rò wọ́n pọ̀.

Mo wá fún un ní x^(sin x). Kò mú ln rárá. Ó kọ apá méjèèjì sílẹ̀ tààrà, ó sì rò wọ́n pọ̀: x^(sin x)·(sin x/x + cos x·ln x).