Ìjọba borí ẹjọ́ ní Geneva, òṣìṣẹ́ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn ọjọ́ pẹ́. Ìgbàkígbà tí ìròyìn bá jáde pé orílẹ̀-èdè kan ti jáwé olúborí lórí òmíràn níwájú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, àwọn WTO tó wà ní Geneva yẹn, kíá ni àwọn olóṣèlú á ti bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ní àwọn ti gba iṣẹ́ àwọn èèyàn àwọn sílẹ̀. Èmi náà máa ń gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó ka àwọn ẹjọ́ náà níkọ̀ọ̀kan, tí mo tún tọpa ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́, mo rí i pé kí ìjọba borí lọ́tọ̀, kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lọ́tọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń wọlé ẹjọ́ ọ̀hún. Ìjọba nìkan ló lè pe ìjọba lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ sílé torí pé nǹkan òkèèrè ti gba ọjà ò lẹ́nu níbẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ò lẹ́nu, ilé iṣẹ́ tó ń kógbá sílé gan-an ò lẹ́nu, àfi kó lọ bẹ ìjọba ẹ̀ kó bá òun gbé e lọ. Ohun tí àwọn adájọ́ sì ń wò ni pé ṣé ìjọba yìí yẹ àdéhùn tó fọwọ́ sí àbí kò yẹ̀ ẹ́. Tó bá yẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní kó tún òfin ẹ̀ ṣe láti ìsinsìnyí lọ. Èyí tó ti bàjẹ́ sẹ́yìn ńkọ́? Wọn kì í ní kí wọ́n sanwó ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kankan.

Ẹjọ́ irin ti Amẹ́ríkà ló là mí lójú jù. Oṣù Kẹta 2002 ni Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn, gbé owó ibodè tó tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé irin tó ń ti òkèèrè wọlé, pé kí àwọn ilé iṣẹ́ irin lè mí díẹ̀. Yúróòpù, Japan àtàwọn míì gbé e lọ sí Geneva, nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2003 ìdájọ́ ìkẹyìn jáde, Amẹ́ríkà jẹ̀bi. Yúróòpù ti kọ orúkọ àwọn ọjà Amẹ́ríkà tí wọ́n máa gbé owó ibodè lé láti fi gbẹ̀san sílẹ̀, ọjà tó lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là, ọsàn Florida sì wà níbẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ìbò ààrẹ ń bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì mọ ibi tó máa dun Bush. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, Bush ká owó irin kúrò. Ẹni tó ń ká ọsàn ní Florida ò yọ́ irin rí láyé ẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ tiẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi rúbọ kí àwọn àgbà méjì tó lè gbọ́ ara wọn yé. Àwọn oníirin ní tiwọn ti jẹ oṣù 20 nínú ààbò yẹn, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dá kọ́bọ̀ padà.

Tí ìdájọ́ bá wá gbe ìjọba tó gbé owó ibodè lé ọjà ńkọ́? Ẹ wo ti táyà. Lọ́dún 2009 Ààrẹ Obama gbé owó ibodè ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún lé táyà tó ń ti Ṣáínà wọ Amẹ́ríkà, ọdún kejì 30, ọdún kẹta 25. Ṣáínà pẹjọ́, ó fìdí rẹmi ní 2010, ó pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó tún fìdí rẹmi ní 2011. Amẹ́ríkà borí pátápátá. Gary Hufbauer àti Sean Lowry ti Peterson Institute, ilé ìwádìí ọrọ̀ ajé kan ní Amẹ́ríkà, wá ṣírò ẹ̀ lọ́dún 2012: iṣẹ́ tí ètò yẹn dá sí ò ju 1,200 lọ, owó tí àwọn tó ń ra táyà fi lé e lọ́dún 2011 nìkan sì tó bílíọ̀nù 1.1 dọ́là, tẹ́ ẹ bá pín in, iṣẹ́ kan ṣoṣo ń jẹ ohun tó lé ní 900,000 dọ́là. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Owó yẹn ò sì bọ́ sápò òṣìṣẹ́ o, torí bí ti Ṣáínà ṣe ń dín kù ni àwọn tó ń kó táyà wọlé yí sí orílẹ̀-èdè míì.

Ṣáínà náà ò káwọ́ gbera. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ táyà ni wọ́n ti kéde pé àwọn fẹ́ yẹ adìẹ Amẹ́ríkà wò. Ẹsẹ̀ adìẹ tí àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ, ọjà gidi ni ní Ṣáínà, ibẹ̀ ni àwọn aládìẹ ti ń rí owó lára ohun tí wọn ì bá máa dà nù. Lọ́dún 2010 Ṣáínà gbé owó ibodè tó le kú lé e. Amẹ́ríkà tún gbé ìyẹn lọ sí Geneva, ó tún borí, àmọ́ 2013 nìyẹn. Ọdún mẹ́ta! Adìẹ kì í dúró de adájọ́, ẹni tó ń kun adìẹ gan-an kì í dúró dè é.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Nígbà yẹn, Yúróòpù ń fún àwọn erékùṣù kéékèèké ní Caribbean bíi Saint Lucia, Dominica àti Saint Vincent láǹfààní láti ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn sọ́dọ̀ ẹ̀. Oko orí òkè ni, oko ẹni kan àtìdílé ẹ̀, kò lè bá àwọn oko ńláńlá Látìn Amẹ́ríkà du iye owó. Amẹ́ríkà dara pọ̀ mọ́ àwọn tó pẹjọ́ nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀ tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ Látìn Amẹ́ríkà, 1997 ni wọ́n dá Yúróòpù lẹ́bi, ọ̀rọ̀ náà fà títí di 2009 kí wọ́n tó ṣe àdéhùn. Yúróòpù ni olùjẹ́jọ́, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ erékùṣù yẹn ló fi oko sílẹ̀. Ẹjọ́ ẹlòmíì ló tú wọn ká.

Síbẹ̀ mi ò ní kí wọ́n ti Geneva pa o. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àmọ́ àwọn orílẹ̀-èdè yìí gbọ́dọ̀ tún tajà fúnra wọn lọ́la, ó sì sàn kí wọ́n jà lórí ìwé ju kí wọ́n kàn máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ra wọn. Tí ìdájọ́ ibẹ̀ bá ń dáàbò bo iṣẹ́ kankan, iṣẹ́ àwọn tó ń ta ọjà sókè òkun ni, ìyẹn ò sì ṣeé ya fọ́tò fún ìròyìn, torí iṣẹ́ tí kò bọ́ kì í pariwo.

Ibi tó dé báyìí ló ń kọ mí lóminú. Ìgbìmọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wọn, adájọ́ méje ló yẹ kó jókòó níbẹ̀, Amẹ́ríkà ò jẹ́ kí wọ́n yan ẹnikẹ́ni rọ́pò àwọn tí àsìkò wọn pé, látoṣù Kejìlá 2019 ni wọn ò ti pé iye tó lè gbọ́ ẹjọ́ mọ́. Ìjọba tí wọ́n bá dá lẹ́bi kàn máa pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn síwájú àga òfìfo ni. Indonesia ní kí ẹnikẹ́ni má kó nickel tútù, ohun àlùmọ́ọ́nì kan tí wọ́n ń wà nílẹ̀, jáde mọ́, pé ilé ni kí wọ́n ti yọ́ ọ, wọ́n dá a lẹ́bi ní 2022, ó pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ dúró sí. Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lórí owó ibodè tuntun tó gbé lé irin lọ́dún 2018. Tí iṣẹ́ ẹnì kan bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀, àìsí adájọ́ ló dá a sí, kì í ṣe ìdájọ́.

Àdéhùn WTO fúnra ẹ̀ gbà kí ìjọba fi ààbò bo ilé iṣẹ́ tó ń forí ṣánpọ́n fún ọdún mẹ́rin, ó lè di mẹ́jọ. Lójú tèmi ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà: kí wọ́n fi ọdún yẹn ra ẹ̀rọ tuntun, kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́ míì, kí wọ́n fi owó gidi ti ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìjọba kì í ṣe é, lọ́yà ni wọ́n ń náwó lé.

Ẹ wo ẹjọ́ Boeing ti Amẹ́ríkà àti Airbus ti Yúróòpù, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù, lórí owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún wọn: 2004 ni Amẹ́ríkà gbé e dé Geneva. 2019 ni wọ́n tó fún Amẹ́ríkà láyè láti gbẹ̀san bílíọ̀nù 7.5 dọ́là, 2020 ni wọ́n fún Yúróòpù ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4 tiẹ̀, 2021 ni àwọn méjèèjì wá ní kí àwọn sinmi ìjà fún ọdún márùn-ún. Ẹni ọdún 48 tó ń to ìyẹ́ bàálù lọ́dún 2004 ti di ẹni ọdún 65 nígbà tí wọ́n bọwọ́ yẹn.