Wọ́n Ní Abẹ́ Omi Ló Ń Sùn

Ọjọ́rú, oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́ mú gan-an lónìí. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kún orí wáyà iná ní Oyíngbò, mo dúró ń wò wọ́n títí oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá kan fi fọn fèrè mọ́ mi. Àwọn onílé wà nínú wọn, tí kì í kúrò nílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀fun wọn pọ́n, tí ìrù wọn là sí méjì gbọọrọ, àlejò ni wọ́n. Yúróòpù ni wọ́n ti wá. Ẹyẹ tí kò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ ló fo òkun Mẹditaréníà àti aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá! Ní Ebbaken, ní ìpínlẹ̀ Cross River, ó ju mílíọ̀nù kan lọ tó máa ń sùn pọ̀ sínú koríko orí òkè.

"Ṣé òtútù ló lé wọn wá ni?" Ìyá Sàídì tó ń ta ẹ̀kọ ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Ebi ni, mà." Kòkòrò tó ń fò lófuurufú ni wọ́n ń jẹ. Bí òtútù bá ti dé lọ́hùn-ún, kòkòrò á wọ́n.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ebi náà ló lé Sàídì lọ sí Kánádà. Inú òtútù ló sá lọ ní tiẹ̀."

Àwọn ará Yúróòpù pàápàá ò tètè mọ ibi tí ẹyẹ wọn ń lọ. Ní 1555, Olaus Magnus, àlùfáà àgbà ará Sweden, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn apẹja máa ń fi àwọ̀n fa alápàáǹdẹ̀dẹ̀ jáde lábẹ́ omi, níbi tí wọ́n ti dì mọ́ra wọn. Ní 1822 ni wọ́n yìnbọn pa ẹyẹ àkọ̀ kan nítòsí Klütz ní Jámánì, tí ọ̀kọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà sì gún un lọ́rùn gbọnrangandan. Ẹni tó ju ọ̀kọ̀ yẹn ò mọ̀ pé lẹ́tà lòun ń fi ránṣẹ́. Ẹyẹ náà ṣì wà ní yunifásítì Rostock dòní.

Mi ò fi Olaus ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹranko tó ń sùn la ìgbà òtútù já pọ̀. Béárì dúdú Amẹ́ríkà lè lo nǹkan bí ìdajì ọdún láìjẹ, láìmu, láìtọ̀. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló fi ń gbé ẹ̀mí ró. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan wà ní Alaska tó ń gbé inú ilẹ̀, ara rẹ̀ a máa tutù kọjá ibi tí omi ti ń di yìnyín. Àmọ́ àkèré inú igbó ibẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Á dì gbagidi, ọkàn rẹ̀ á dákẹ́, kò ní mí. Ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ bàjẹ́. Bí ooru bá padà, yìnyín á yọ́, àkèré á fò lọ. Ká ní àdúgbò wa ni, wọ́n á ti pe wòlíì.

Ti béárì ni Ìyá Sàídì fẹ́ràn. Ó ní kí n gba ohùn òun sílẹ̀ fún ọmọ òun lórí WhatsApp, kó gbọ́ pé àwọn ẹranko ibẹ̀ ń sinmi ní tiwọn. Sàídì fèsì kí n tó délé: "Ẹ bá mi sọ fún màmá mi pé béárì ò san owó ilé."