Ẹ mọ ibi tí ẹ ó dúró sí kí àìsàn tó dé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ tírélà, òkun o. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín ní ilẹ̀ Òkun ní Kogí, bí a bá ń kọ́ ọmọ ní ọkọ̀ ńlá, jíà la fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó dé orí bíréèkì, a ó dé orí bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Kì í sábà sí ẹni tí yóò bi í pé, “Bí ara rẹ bá kọ̀ fún ọ láàárín ọ̀nà ńkọ́?” Títì ló kọ́ èmi. Ohun tó sì kọ́ mi jù ni pé kí èèyàn ti mọ ibi tí yóò dúró sí kó tó gbéra. Ọ̀rọ̀ oògùn ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ wo ọ̀nà wa. Ẹni tó bá gbé ṣìmẹ́ǹtì ní Ọbàjànà tó ń lọ Ìlọrin, Kàbbà ni yóò gbà, á kọjá Ayétòrò Gbẹdẹ, Mọ̀pà àti Ìsánlú, á dé Ẹ̀gbẹ̀, kó tó já sí Erúkù ní Kwárà. Igbó pọ̀ láàárín wọn. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti sọ igbó dilé, kò sí dírẹ́bà tó fẹ́ páàkì níbi tí kò sí iná. Òtútù á máa mú un, ojú á máa ta á, á ní, “Jẹ́ n wọ́ ọ dé ìlú ná.” N kò dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Àmọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú kò lè wọ́ ọkọ̀ ẹlẹ́rù dé ibì kankan. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ka àwọn ibi ìdúró sórí kí n tó tan ẹ́ńjìnì: ibi tí ọlọ́pàá tàbí sójà wà lójú ọ̀nà, ilé epo tó ń ṣiṣẹ́ lóru, gáréèjì, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí tó wà létí títì. Bí mo bá ti kọjá ọ̀kan, mo ti mọ èyí tó kàn. Bí ara mi bá sì ti ń sọ nǹkan nígbà tí mo wà ní Kàbbà, Kàbbà náà ni mo máa sùn. N kò ní torí pé Ìsánlú ò jìnnà kí n kó sáàárín méjèèjì.

Ẹ tún mọ ilé ìwòsàn tó wà níwájú àti lẹ́yìn yín. Ti ìjọba wà ní Kàbbà, ti ECWA tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ wà ní Ẹ̀gbẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Lọ́kọ́ja fún ẹni tó bá wà lápá ibẹ̀. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni pé géètì ilé ìwòsàn kì í gba tírélà. Ẹ páàkì sílé epo tàbí gáréèjì, ẹ fi mọ́tọ̀ bọ́ì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ọlọ́kadà gbé yín lọ. Mo ti rí ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti yí tírélà po nígbà tí èébì ń gbé e.

Àìsàn kan wà tó lè dúró dè yín dé ìlú, òmíràn kò ní dúró. Bí àyà bá ń dun yín bí ẹni tí wọ́n gbé nǹkan wúwo lé, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù bo ara. Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò ṣeé gbé, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu. Bí mímí bá nira, tàbí tí ojú ṣú lójijì: kò sí “jẹ́ n dé ìlú” níbẹ̀, igbó ni o, ojúmọ́ ni o, òru ni o. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ pe 122 ti Road Safety, tàbí 112. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ni kó gbé yín lọ. Mọ́tọ̀ bọ́ì náà gbọ́dọ̀ mọ èyí, torí òun ni yóò rí ẹnu tó wọ́, ẹni tó ni ẹnu lè má mọ̀. Kó wo aago, kó rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, dókítà yóò bèèrè. Kó má sì da omi tàbí àgbo sí ẹni náà lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Kó má tún sọ pé òun ti ń wo bí ọ̀gá ṣe ń wà á, kó wá fẹ́ gba sítíá láìní láísẹ́ńsì.

Bí a ṣe ń dúró náà ní ètò. Ẹ má tẹ bíréèkì lójijì pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ẹ yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù tó ń fún ẹ́ńjìnì lépo, ẹ máa já jíà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo táyà kúrò lórí ọ̀dà, kó má jẹ́ kọ́nà tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ fa bíréèkì ìdúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí mọ́tọ̀ bọ́ì fi igi dí táyà. Ẹ tan iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń ṣẹ́jú, ẹ gbé C-caution, àmì onígun mẹ́ta ìkìlọ̀ yẹn, sẹ́yìn, kó jìnnà díẹ̀ sí ọkọ̀. Ewé tí a máa ń já sójú títì kò tó lóru.

Ibà ló ń dá ọ̀pọ̀ wa dúró jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún ìka yín kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, èsì rẹ̀ kì í pẹ́ tó ìdajì wákàtí. Oògùn ibà alátẹ́míétà (èyí tó ní artemether àti lumefantrine nínú) tí wọ́n ń fún àgbàlagbà, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni èèyàn ń lò ó láàárín ọjọ́ 3, pẹ̀lú oúnjẹ tó lọ́ràá. Àwọn ará wa á lo méjì, ara á yá, wọ́n á fi ìyókù pamọ́ sínú dáṣíbọ́ọ̀dù de ìrìn àjò mìíràn. Ibà náà á tún padà dé. Bí ibà kò bá lọ lẹ́yìn oògùn, pàápàá tí ọ̀nà ọ̀fun ń dunni tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀ ń sùn nínú ọkọ̀. Àwa la múlé ti Ẹdó àti Oǹdó, níbi tí ibà Lassa ti ń jà jù, eku sì fẹ́ràn gààrí tí a kò dé nínú ọkọ̀. Nọ́ńbà NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dènà àrùn, fún irú èyí ni 6232.

Ní ti ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má rìnrìn àjò láìní ORS, iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi láti dá omi ara padà. Ọ̀rá kékeré kan fún omi lítà 1, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ńtílítà 50. Bí kò bá sí, ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, kí ṣíbí má ga, nínú omi lítà 1 náà. Ìgbẹ́ tó dà bí omi ìrẹsì kì í ṣe ti ORS nìkan. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ sọ fún ẹni tó wà ní kẹ́míìsì pé ọkọ̀ ńlá lẹ̀ ń wà kó tó fún yín ní nǹkan. Oògùn kátà bíi Piriton ń kun èèyàn lóorun, ti ikọ́ mìíràn náà bẹ́ẹ̀. Ìjọba fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ oníkodéènì wọlé ní 2018, síbẹ̀ àwọn ọmọ gáréèjì ṣì mọ ibi tó wà. Paraga àti tramadol tí wọ́n ń pè ní agbára, ìrora ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, kó gbé oògùn tó ju iye ọjọ́ ìrìn lọ, kó má gbé e sí ojú oòrùn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ọwọ́ alátọ̀gbẹ bá ń gbọ̀n lójijì tí òógùn bò ó, kó dúró, kó lá ṣúgà, kó má tètè padà sí sítíá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ló kù. Ìwé òfin ọdún 2010 wà fún owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ tó farapa tàbí tó ṣàìsàn nítorí iṣẹ́, ti 2022 sì sọ ètò ìlera adójútòfò di dandan. Ẹ bèèrè ibi tí ọ̀gá yín ti forúkọ yín sílẹ̀ nígbà tí ara yín dá. Nígbà kan tí àìsàn dá mi dúró lọ́nà, máníjà kan sọ fún mi lórí fóònù pé kí n gbé ọkọ̀ dé ibẹ̀ ná. Mo ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Kò kọ ọ́, dírẹ́bà mìíràn ló rán wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ ni tiyín: ibi tí ẹ páàkì sí, aago, bí ara ṣe rí, nọ́ńbà wébílì, ìyẹn ìwé ẹrù. Bí dírẹ́bà tuntun bá dé, ẹ jọ ka ẹrù, ẹ wo sílì, èdìdì tí wọ́n fi dí i, bó bá jẹ́ táńkà, kó fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún un.