Ajá tí wọ́n tú sílẹ̀ ní páàkì: ohun tí òfin Ìlú Ọba sọ

Bí oòrùn bá ti yọ díẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, páàkì á kún fún ajá. Alájá á dé orí koríko, á bẹ̀rẹ̀, á yọ okùn kúrò lára ẹ̀gbà ọrùn ajá rẹ̀, ajá á sì ki eré mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbí ló gbà pé tàwọn alájá ni kí wọ́n tú u, tiwa ni ká yà fún un. Èmi ò gbà. Òfin pàápàá kò sọ bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, kò sí òfin tó ní gbogbo ajá gbọ́dọ̀ wà lórí okùn níbi gbogbo. Káńsù kọ̀ọ̀kan ló ń gbé pátákó tirẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà páàkì. Ní Richmond Park, páàkì ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àgbọ̀nrín tó lé ní 600 ti ń jẹ̀ káàkiri, dandan ni okùn lásìkò tí wọ́n ń bímọ, láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje. Ṣùgbọ́n Dangerous Dogs Act, òfin ajá eléwu ti ọdún 1991, ni kí ẹ mọ̀: ẹni tí ajá rẹ̀ bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ tó fi di ewu ti jẹ̀bi. Kò dìgbà tó bá géni jẹ. Bó bá ti ṣe ohun tí ẹ fi nídìí láti bẹ̀rù pé yóò ṣe yín léṣe, ó ti tó ẹjọ́. Bó bá wá ṣe ènìyàn léṣe, alájá lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5. Bó bá pa ènìyàn, ọdún 14.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọdẹ ilẹ̀ wa kì í tú ajá sílẹ̀ láìsí fèrè lọ́wọ́. Ajá tí kò bá gbọ́ ìpè, kí ló ń wá láìsí okùn?

Lọ́jọ́ kan, ajá dúdú ńlá kan sáré tọ ọmọ mi wá nítorí sọ́séèjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá tó ni ín ń kígbe lọ́ọ̀ọ́kán pé kò ní ṣe nǹkan kan, eré ló fẹ́ ṣe. Mo fa ọmọ sẹ́yìn mi, mo káwọ́ mọ́ àyà, mo dúró gbọn-in, mi ò sì wo ajá náà lójú. Nígbà tí bàbá náà dé, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi okùn sí i lọ́rùn, ẹ̀rù ń ba ọmọ mi.” Ó bẹ̀ mí, ó sì so ó. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ rárá.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ká mi lára jù ni àwọn ará wa tó ń ṣe kíà, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tí wọ́n ń lọ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn. Láti ọdún 2014, òfin ajá eléwu yẹn ti wọ inú ilé àti àgbàlá alájá. Ẹ sọ fún ọ́fíìsì yín kí wọ́n bá ẹbí náà sọ ọ́: kí wọ́n ti ajá mọ́ yàrá kan kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má wọlé. Ẹ dúró síta, kí ẹ sì pe ọ́fíìsì. Bí ajá bá sì ti ṣe yín léṣe, ẹ ya fọ́tò ojú ọgbẹ́, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ pe ọlọ́pàá lórí 101. Bó bá ṣì ń lé ènìyàn lọ́wọ́, 999 ni.